Iná Aró Inú Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama ló wá bá mi níwájú ilé mi ní Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá àgbà, ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe láyé yín fún wa, ká lè mọ èyí tí àwa náà máa mú." Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún wọn pé iṣẹ́ mi kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń rí láti títì. Ṣùgbọ́n wọn kò lọ. Mo bá ní kí wọ́n jókòó, kí ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ lọ mu omi kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá mi dúró lágbede méjì.

Ilé ìwòsàn ìjọ kan lójú ọ̀nà Òsí ni mo ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin títí tí wọ́n fi ní kí n lọ sinmi. Yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo wà. Mi ò kọ́ iṣẹ́ dókítà, mi ò sì kọ́ ti nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí gbogbo ohun tó máa kan ara ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mọ́ tónítóní: ọ̀bẹ, abẹ́rẹ́, aṣọ, tábìlì, ògiri, títí kan afẹ́fẹ́ inú yàrá. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, mo ti ka ìwé mẹ́fà, bàbá mi kò ní agbára àtirán mi síwájú, pásítọ̀ wa sì bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Owó oṣù náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n a fi jẹun.

Ìyá mi nìkan ló kọminú. Ó ní, "Lará, ulé tí wọ́n ti í la ọmọ aráyé nínú, ṣé ibẹ̀ lo ti fẹ́ máa ṣe uṣẹ́?" Mo ní ibẹ̀ náà ni. Ó wò mí títí, ó wá di gàrí fún mi.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Sístà Ẹ̀bùn, nọ́ọ̀sì àgbà tó jẹ́ olórí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọmọ Iléṣà ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo. Àìpariwo yẹn gan-an ló ń bà wá lẹ́rù, torí bí inú bá ń bí i, ńṣe ni ohùn rẹ̀ tún máa ń lọ sílẹ̀ sí i, tí a ó fi máa tẹ́tí kí a tó gbọ́ èébú tó ń bú wa.

Ọwọ́ fífọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Ó da èédú tí wọ́n lọ̀ kúnná mọ́ òróró, ó fi kùn mí lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó wá fi aṣọ dì mí lójú. Ó ní, "Ó yá, fọ̀ ọ́." Mo fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ títí apá fi ń ro mí. Nígbà tó tú aṣọ lójú mi, èédú ṣì wà lábẹ́ èékánná, ó wà láàárín ìka, ó wà lẹ́yìn àtàǹpàkò.

"Ibi tí o rò pé o ti fọ̀ nìyẹn," ó ní. "Ó ku ibi tí o kò rò."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é láràárọ̀, títí ọjọ́ tí mo ṣí ojú tí mi ò rí dúdú kankan. Mo rò pé ó máa yìn mí. Ó ní kí n lọ fọ ilẹ̀.

Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí i tó da odindi àwo ohun èlò tí mo ti sè padà sínú ìkòkò nítorí pé etí aṣọ mi kàn án díẹ̀. Igi ìdáná la fi ń sè é nígbà náà. Èéfín á ti fọ́ mi lójú tán, màá gbé ohun èlò wọlé, Sístà á sì ní kí n lọ tún un sè. Lọ́jọ́ kan mo sunkún. Ó jẹ́ kí n sunkún tán, ó mú mi lọ sí wọ́ọ̀dù, ó fi ọ̀dọ́kùnrin kan hàn mí tí ọgbẹ́ ikùn rẹ̀ ti kẹ̀. Ilé ìwòsàn ibòmíràn ni wọ́n ti gbé e wá. Òórùn náà ṣì wà ní imú mi dòní. Nígbà tí a jáde, ó ní, "Lọ dá iná." Mo lọ dá iná, mi ò sì sunkún mọ́ nítorí àtúnṣe.

Nígbà tó yá, ìkòkò onírin tó ń fi ooru gbígbóná ṣiṣẹ́ dé, èyí tí wọ́n ń gbé ka sítóòfù kẹrosíìnì, tí ìdérí rẹ̀ ní ìdè bíi mẹ́rin. Ìyẹn dín èéfín kù fún mi. Lẹ́yìn náà, lọ́dún tí owó wa di náírà, ni iná aró dé.

Àwọn ọ̀rẹ́ ìjọ tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́. Gíláàsì gígùn méjì ni, wọ́n rí bí iná tí a ń rí ní ṣọ́ọ̀bù nísinsìnyí, ṣùgbọ́n wọn kò funfun. Bí o bá tàn wọ́n, àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń jáde, bí omi tí a fi ṣan aṣọ aláró. Ìdí nìyẹn tí àwa fi ń pè é ní iná aró. Bọ̀dá Jímọ̀ ló gbé e kọ́ sókè ara ògiri. Jímọ̀ yìí ni oníná ilé ìwòsàn wa, ọmọ Ìlọrin, òun ló ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀. Ó máa ń kọrin bó bá ń ṣiṣẹ́, Sístà á sì ní kó yéé kọrin, kò sì ní yéé.

Mi ò gbà pé iná lásán lè pa kòkòrò àìrí. Sístà kò bá mi jà. Ó lọ gba àwo gíláàsì pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n ti da oúnjẹ kòkòrò sínú rẹ̀, ó dì bí ẹ̀kọ tútù. Ó ní kí n fi ọwọ́ tí mi ò tíì fọ̀ pa á kárí. Ó fi páálí bo apá kan, ó ṣí apá kejì sílẹ̀, a gbé e sábẹ́ iná aró, a jáde, a ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà a bò ó, a gbé e síbi tó móoru. Nígbà tí a padà wò ó, ibi tí páálí bò ti hu bí búrẹ́dì tó bu. Ibi tí iná kàn mọ́ kedere. Ààlà àárín wọn gún bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e.

"O rí i?" Sístà ní. "Ìmọ́lẹ̀ yìí ń wọ inú kòkòrò lọ, ó ń ba ohun tó fi ń bímọ jẹ́. Kò ní lè pọ̀ sí i mọ́. Ṣùgbọ́n wo ibi tí páálí wà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá kàn, kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Eruku lè dá a dúró, aṣọ lè dá a dúró, gíláàsì fèrèsé pàápàá ń dá a dúró. Nítorí náà, kí lo máa ṣe kí o tó tàn án?"

"Màá fọ yàrá, mà."

"Ó ti yé ọ."

Bí a ṣe ń lò ó nìyẹn. Màá fọ ilẹ̀ àti ògiri, màá fi òwú oníspírítì nu eruku ara gíláàsì rẹ̀, gbogbo ènìyàn á jáde, màá tàn án kí yàrá dá wà pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, màá ti pa á. Ìròyìn kàn káàkiri pé iná kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń jó àrùn. Bàbá kan wá láti Ararọ̀mí-Ọ̀pin pẹ̀lú egbò lẹ́sẹ̀, ó bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí òun sùn sábẹ́ rẹ̀. Sístà kúnlẹ̀ kí i, ó wá fọ egbò náà fún un fúnra rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, iná yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ara yín àti ara kòkòrò. Ẹ jẹ́ kí n fi ọṣẹ tọ́jú yín."

Òjò ọdún kan ló fa ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ yìí. Páànù jò, omi wọ inú òkè àjà, iná yàrá iṣẹ́ abẹ kú. Jímọ̀ gun òkè àjà, ó fa wáyà tuntun. Wáyà aláwọ̀ kan náà ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Láìmọ̀, ó so ti iná aró pọ̀ mọ́ ti iná funfun tó wà lókè. Bí o bá tẹ iná funfun, iná aró náà á tàn. Ọ̀sán gangan ló dán an wò, iná funfun tàn, inú rẹ̀ dùn, wọ́n sì wá pè é pé jẹnẹrétọ̀ ti kú ní ọ̀dọ̀ àwọn aláboyún. Ó sáré lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, dókítà wa ń ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún àgbẹ̀ kan. Ọ̀dọ́ ni dókítà náà, òun nìkan ṣoṣo sì la ní. Sístà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń fún ènìyàn lóògùn oorun sì wà ní ibi orí aláìsàn. Aláìsàn ní tirẹ̀, aṣọ wà lójú rẹ̀. Èmi wà ní yàrá kejì níbi tí mo ti ń se ohun èlò, mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé gíláàsì. Oòrùn ń wọlé, iná ńlá orí tábìlì mọ́lẹ̀ yòò, kò sẹ́ni tó wo òkè ara ògiri. Iṣẹ́ náà pẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé aláìsàn jáde, tí awọ̀sánmà sì ṣú bo oòrùn, mo wọlé, mo pa iná ńlá náà. Mo rí i pé ògiri ti gba àwọ̀ aró.

"Sístà! Iná aró ń tàn!"

Ó wo òkè. "Pa á," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Ta ló tàn án?"

Mo tẹ súìṣì iná aró, kò kú. Ìgbà tí mo tẹ ti iná funfun ló tó kú. Wọ́n pe Jímọ̀. Ó wò ó, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín yàrá, bó ṣe wà pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀ lẹ́sẹ̀, Sístà kò sì bá a wí nítorí bàtà.

Nǹkan kan kò kọ́kọ́ ṣe dókítà, Sístà àti nọ́ọ̀sì náà. Ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n. Dókítà ní ó dà bí ẹni da iyanrìn gbígbóná sí òun lójú. Omi ń dà, ìpéǹpéjú wú, wọn kò lè la ojú sí ìmọ́lẹ̀ rárá. Mo ń fi aṣọ tútù lé wọn lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú tèmi kò ṣe nǹkan kan, gíláàsì fèrèsé ló gbà mí. Dókítà mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, ó ní á lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní í lọ lọ́la.

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí wọ́n gbé obìnrin kan dé láti Ìlọ́fà nínú bọ́ọ̀sì kékeré. Rónkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ìyàwó olùkọ́ ni, oyún rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló bá a wá. Ó ti ń rọbí láti àná. Sístà ní kí n fa òun lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fọ ọwọ́, aṣọ wà lójú rẹ̀, ó fọwọ́ kan ikùn Rónkẹ́ yíká, díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ọmọ yìí dùbúlẹ̀ síbùú. Kò lè gba ọ̀nà yìí jáde. Iṣẹ́ abẹ ni."

Dókítà jókòó ní ẹnu ọ̀nà, orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Sístà, mi ò rí ọwọ́ ara mi."

"Mo mọ̀, sà. Òmù-Àrán ni ká máa gbé e lọ."

Awakọ̀ wa ti gba ìsinmi lọ sí ìlú rẹ̀. Ẹlòmíràn kan ṣoṣo tó mọ ọkọ̀ wà ni Jímọ̀. Mo bá a ní yàrá rẹ̀, ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpò, ó fẹ́ máa lọ kí wọ́n tó lé e. Mo ní Sístà ń pè é. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ìlélọ ni. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Jímọ̀," Sístà ní, "ṣé ojú rẹ ríran?"

"Ó ríran, mà."

"Ó dára. Wá wa ọkọ̀."

A tẹ́ mátíráàsì sí ẹ̀yìn ọkọ̀ Lándróbà, a gbé Rónkẹ́ sí i. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé orí rẹ̀ lé itan. Sístà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú aṣọ funfun lójú, èmi dì í mú kó má baà ṣubú. Ọ̀nà náà burú lẹ́yìn òjò, a sì tún ní láti gba Ìlọ́fà tí wọ́n ti gbé e wá kọjá. Nígbà tí ìyá ọkọ rí ilé ara rẹ̀ tó ń kọjá lọ, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ìwo igi kékeré kan wà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gbé lé ikùn aláboyún láti fi gbọ́ ọkàn ọmọ. Sístà kò nílò ojú fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ariwo ọkọ̀ kò jẹ́ kó gbọ́. Lójijì á ní, "Jímọ̀, dúró, pa ọkọ̀." Gbogbo wa á dákẹ́ lójú ọ̀nà, àwọn àgbẹ̀ tó ń lọ sóko á dúró máa wò wá. Sístà á tẹ etí mọ́ ìwo náà.

"Ó ń lù. Máa lọ."

A ó tún rìn díẹ̀. "Dúró." Dídákẹ́. "Ó ń lù. Máa lọ." Rónkẹ́ ń di ọwọ́ mi mú títí ọwọ́ mi fi kú. Lẹ́yìn tí a kúrò ní Ìlọ́fà dáadáa, Sístà tún ní kó dúró. Ó tẹ́tí, ó pẹ́ gan-an lọ́tẹ̀ yìí. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó gbé orí sókè, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́:

"Jímọ̀, má dúró mọ́."

Ó yé gbogbo wa. Mi ò mọ bí Jímọ̀ ṣe wa ọkọ̀ yẹn. Ó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ní èdè Lárúbáwá àti ní Yorùbá, ó ń yẹ kòtò sọ́tùn-ún sósì, ọkọ̀ kò sì gbọn jù. Ìyá ọkọ ń pe orúkọ Jésù. Ní Òmù-Àrán, àwọn tó wà níbẹ̀ kò fi àkókò ṣòfò, wọ́n gbé Rónkẹ́ wọlé tààrà.

A jókòó síta. Wọ́n mú ọmọbìnrin kan jáde nínú ikùn rẹ̀, kò sunkún. A gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn nínú, a gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá ọmọ lẹ́sẹ̀. Sístà na ọwọ́, ó wá èjìká Jímọ̀, ó dì í mú. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn kékeré kan, bí ti ọmọ ológbò, ó tún dún, ó wá di ẹkún gidi. Ìyá ọkọ dìde, ó ń jó láìsí orin. Jímọ̀ lọ sínú ọkọ̀, ó gbé orí lé ìdarí ọkọ̀, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Ìyá àti ọmọ yè. Ojú dókítà, Sístà àti nọ́ọ̀sì náà là kí ọ̀sẹ̀ tó parí, awọ iwájú orí wọn bó díẹ̀, ó sì san. Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn pàdé, àwọn kan ní kí Jímọ̀ máa lọ ilé. Sístà wọlé bá wọn. Èmi ló gbé omi fún wọn, nítorí náà mo gbọ́. Ó ní, "Mo wà nínú yàrá yẹn ní gbogbo àárọ̀, mi ò wo òkè. Èmi ni mo jẹ́ olórí ibẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lé ènìyàn, ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀." Wọn kò lé ẹnikẹ́ni. Jímọ̀ yọ súìṣì iná aró síta, ó fi sínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, ó gbé gílóòbù pupa kan sókè ilẹ̀kùn tó máa ń tàn nígbàkígbà tí iná aró bá ń tàn. Láti ìgbà náà, kó tó sọ pé iṣẹ́ kan parí, á pè mí pé, "Lará, wá bá mi wò ó."

Iná náà bá wa ṣe ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí sọ́jà tún gba ìjọba, tí nǹkan òkèèrè kò wọlé mọ́, ọgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn ní wọ́ọ̀dù. Iná aró ṣì ń tàn, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Sístà, tí irun rẹ̀ ti funfun nígbà yẹn, tún gba àwo pẹlẹbẹ, a tún fi páálí bò ó bí ti àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí gbogbo rẹ̀ ló hu, ibi páálí àti ibi iná.

"Ó ti gbó," Sístà ní. "Ó kàn ń tàn ni, kò pa nǹkan kan mọ́."

Jímọ̀ wá gíláàsì tuntun dé Ìlọrin, ó dé Kàdúná, kò rí. Inú mi bàjẹ́, mo bi Sístà pé kí la máa ṣe. Ó ní, "Ohun tí à ń ṣe kó tó dé." A padà sí búrọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ àti Ízàà, oògùn apakòkòrò. A ń gbé mátíráàsì àti aṣọ sí oòrùn láti àárọ̀, a ń yí wọn padà. Mo kó àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà jọ, mo da èédú mọ́ òróró. Ó gba ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn náà lọ kúrò ní wọ́ọ̀dù. Mo wá rí i pé ìgbà tí ọwọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú nítorí pé iná wà ni nǹkan ti kọ́kọ́ bàjẹ́.

Sístà fẹ̀yìn tì, ó padà sí Iléṣà. Jímọ̀ náà padà sí Ìlọrin. Èmi dúró títí ó fi kàn mí.

Ẹ̀yin ọmọ yìí, n kò ní tàn yín. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ tí ayé máa fi mọ̀ yín, ẹ má mú tèmi. Bàbá kan wà ní àdúgbò yìí tí wọ́n la ikùn rẹ̀ lọ́dọ̀ wa láyé ìgbà yẹn. Dókítà ló mọ̀, orúkọ dókítà ló sì fi sọ ọmọ rẹ̀. Kò mọ̀ mí níbẹ̀. Èmi ni mo se ọ̀bẹ náà, èmi ni mo fọ ògiri, èmi ni mo tan iná, tí mo sì pa á. Ọgbẹ́ rẹ̀ kò kẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tó máa fi rántí mi. Láàárọ̀ yìí, kí ẹ tó dé, ó gbé àdá kọ́ èjìká, ó ń lọ sóko. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá." Mo ní, "Oko á dára o." Ó kọjá. Mo sì jókòó síbí, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi wọ inú igbó, inú mi dùn.